Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kí N Gbé Lọ sí Ìròlú

Ẹni tó bá ta obì pẹ́ kì í ra ohun tó ń dán láìyẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó dán jù nínú apẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ ilé kòkòrò. Mo mọ èyí láti ìgbà tí mo ti ń bá ìyá mi ṣa obì ní ọjà Mákùn, kí ilé ìwé tó sú mi, tí èmi náà sì sú ilé ìwé. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dán lójú mi, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Olùkọ́ ni, ní Ìkẹ́nnẹ́. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ó lọ ọ̀rọ̀ náà bí aṣọ kó tó gbé e jáde. Ohunkóhun tí kò bá yé mi, òun ni mo máa ń bi. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́ta tí kò tíì pe "màmá", ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé e lọ.

Ọmọ náà kò yadi o. Ó ń kùn ṣáá, bíi jẹnẹrétọ̀ tó wà ní òpópónà kejì. Tí mo bá da obì sílẹ̀ láti ṣà, yóò jókòó tì mí, yóò máa tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn láti ìdí àpótí mi dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ yẹ ẹyọ kan ti fa igbe. Kì í wo ojú èèyàn. Tí ọlọ́kadà bá fọn fèrè, yóò fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, yóò wọ abẹ́ tábìlì. Ìyá aláta kan ní ẹ̀mẹ̀rè ni. Mo ní, "Òótọ́ ni, ìyá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé ata yín ti jẹrà." Kò kí mi títí òjò ọdún yẹn fi dá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ọmọ lé itan, ọmọ yọ́ bọ́ sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, o ń kánjú," ó ní. "Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Wò ó lónìí, ǹjẹ́ ó ń dákẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. Ọkọ mi lè bá ìlẹ̀kùn sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, ṣé kí á má kúkú gbé e dé ilé ìwòsàn?"

"Kí wọ́n lè máa gún un lábẹ́rẹ́ kiri? Jẹ́ kó wá lo ìsinmi ilé ìwé lọ́dọ̀ mi. Èmi yóò fara balẹ̀ wò ó."

Ó lo ìsinmi náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ gbé e, ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Sùúrù ni." Mo bá ní sùúrù. Mo ní sùúrù débi pé ọdún kan lọ, òmíràn sì ti ń lọ tẹ̀lé e.

Lọ́jọ́ kan, àwọn alurinmọ́rin gbé ẹ̀rọ ìgérin wá sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ mi. Ariwo yẹn wọ ọmọ mi lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Mo gbé e, ó di ilé ìwòsàn ńlá. Nọ́ọ̀sì tó di ọgbẹ́ náà tẹ́tí sí kíkùn rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rẹ́ mi dé! Atobọ́tìnnì! Àǹtí rẹ̀ tíṣà ńkọ́?"

"Ẹ ṣì í mú fún ọmọ ẹlòmíràn ni," mo ní.

"Èmi kẹ̀? Bọ́tìnnì aṣọ mi ló ń fọwọ́ tò lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí àǹtí náà gbé e wá, kò jẹ́ kí n lọ jẹun."

Ó pe dókítà wá. Dókítà náà rántí. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ ti ṣe sí ohun tí a sọ fún àǹtí rẹ̀?"

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Orúkọ tó pè é kò dún létí mi rí: ọ́tísíìmù. Mo ní ó jọ orúkọ bisikíìtì tuntun. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ṣàlàyé. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe ohun tí mo jẹ nínú oyún. Kì í ṣe agídí. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ayé wọlé ni kò jọ tiwa; ariwo tí à ń gbọ́, òun ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń lù. Àwọn tó ń kọ́ irú wọn ní ọ̀rọ̀ àti eré wà, wọ́n sì fẹ́ kí á tètè bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n fi obì ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi. Gbàǹja, awẹ́ méjì ni. Àbàtà, mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ la gbàǹja sí mẹ́rin, ó bà á jẹ́ ni, kò sọ ọ́ di àbàtà."

Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àfi pé a ó kọ́ gbàǹja bí yóò ṣe bá àbàtà gbé inú apẹ̀rẹ̀ kan náà, kí àbàtà náà sì kọ́ bí à á ti sún fún un.

Láti ibẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí báńdéèjì lórí ọmọ, kò tilẹ̀ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ìyàwó wa, jókòó. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà ìsinmi yẹn ni ọmọkùnrin Òde Rẹ́mọ kan ti ń wá fẹ́ àbúrò wa obìnrin. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wádìí."

Mo mọ ìwádìí. Kí á tó gbé ìyàwó níbí, àwọn àgbà a máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yí àdúgbò ká, wọn a máa béèrè: ṣé wèrè wà nílé yẹn, ṣé wárápá wà?

"Tí wọ́n bá gbọ́ pé irú èyí wà nílé wa, wọ́n ti lọ nìyẹn. Ó ṣá kù díẹ̀. Tó bá di ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ ní Ìròlú. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, èmi gan-an yóò wá ilé ìwé fún un."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

Ó wo ìlẹ̀kùn. "Ó mọ̀," ó ní.

Ọkọ mi tí kì í dákẹ́, ó rí ohun tí yóò dákẹ́ lé lórí. Òru tí mo ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mò ń béèrè ohun tí mo ṣe tí ọmọ mi fi rí báyìí, ọkùnrin yìí ń sọ ìtàn bọ́ọ̀lù fún mi.

Èmi ni mò ń ta obì nínú ẹbí, èmi náà ni wọ́n ń retí pé yóò gbé obì wá lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́. Mo gbé e wá. Abọ́ obì wà lọ́wọ́ kan, ọmọ mi wà lọ́wọ́ kejì. Ọmọ náà jókòó sórí ẹní, ó da obì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n lọ sí ìdí ẹsẹ̀ àwọn àna.

"Ẹ má bínú," ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. "Ọmọ aládùúgbò ni."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Ọmọ ilé yìí ni," mo ní. "Èmi ni mo bí i, ẹni tó ń wo bàtà yẹn ni bàbá rẹ̀. Ọ́tísíìmù ló ní. Kì í ràn, ẹ lè jẹ obì yín."

Ìyá àgbàlagbà kan láàárín àwọn àna gbé ẹsẹ̀ sókè kí ìlà obì lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ìdérí ìkòkò ni tiwa ń tò," ó ní.

"Tiyín kẹ̀, Màmá?" mo ní. "Ó dà?"

"Wọ́n ti gbé e lọ sí Ìpẹ̀rú láàárọ̀ yìí, kí ẹ má baà rí i."

Ẹ̀rín sọ nínú ilé náà. Àwọn ará Òde Rẹ́mọ rín, tiwa náà rín, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ láti dì mọ́ mi. Èmi tí mo máa ń rín sí òkú adìyẹ, ẹ̀rín kò wá. Wọ́n ti gba ọdún tí ọmọ mi ì bá fi máa kọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n fi ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò tà.

Wọ́n gbé ìyàwó. Ọmọ mi ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń kọ́ ọ. Ó ti ń fa ọwọ́ mi lọ síbi omi tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ó sì ti sọ "obì". Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí i. Mò ń gbà á, mò ń kí i dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í sùn ní Ìkẹ́nnẹ́ mọ́.

Ọkọ mi ṣì ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ariwo rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu mọ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni mo máa ń gbé ojú kúrò nínú obì tí mò ń ṣà, tí mo máa ń wò ó.