Ta La Ó Kọ́kọ́ Gbé?

Bí ẹ bá rí Sẹ̀kínát lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ẹ ó rò pé ìyàwó tuntun ni. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ń já wọlé, ó ń já síta, orin ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹrù àsálà ló ń dì o, ẹrù tí wọ́n máa gbé sá bí omi bá dé. Ta ló ń di ẹrù àsálà tó ń kọrin? Sẹ̀kínát ni. Alábàárù ni, ó ti di ọdún mọ́kànlá tó ti Ṣakí wá, tó ń fi orí ru ata àti tòmátò nínú ọjà Mile 12, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn bí ẹrù tó bá jókòó dáadáa lórí òṣùká.

Rédíò ti kéde lọ́sẹ̀ náà pé odò Ògùn ń kún bọ̀, kí àwọn tó wà létí odò tètè palẹ̀ mọ́. Ilé tiwọn sì rèé lẹ́yìn Agílítì, níbi tí omi kì í ti í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Omi ọdún tó kọjá ò tíì tán lára wọn.

Mutolib ọkọ rẹ̀, tó ń wa tírélà, wà lọ́nà Jọ́s lọ́jọ́ tí omi ọdún náà dé. Sẹ̀kínát wá ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jà. Ẹrù tó bá wúwo jù ni alábàárù fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọrùn ṣì le. Ló bá ru jẹnẹrétọ̀ jáde. Ó padà, ó ru àpò ìrẹsì. Ìgbà tó máa kan Ìyá Karimot, ìyá ọkọ rẹ̀ tí làkúrègbé ti dá jókòó, omi ti bo itan màmá lórí bẹ́ẹ̀dì, agbára Sẹ̀kínát náà sì ti tán. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi méjì kan tó ń kọjá ló gbé màmá jáde.

Ìyá ò bá a jà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́: "Jẹnẹrétọ̀ ṣáájú mi jáde nílé ọmọ mi." Àmọ́ ó búra pé bí omi bá tún dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pọn òun mọ́, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì òun. Mutolib bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ohun tó ń jẹ Sẹ̀kínát lọ́kàn gan-an nìyẹn. A lè di ẹrù àsálà kó dára bí ẹrù ìyàwó, bí Ìyá ò bá tẹ̀ lé wọn, kí ni wọ́n dì?

Báàgì Ghana-must-go ńlá kan ló kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ sí: gààrí, ṣúgà, bísíkíìtì, omi inú ọ̀rá, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ ìyípadà. Kabir ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yọ́ ki bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sí i. Ọlábámijí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, ó ní òun ò lè wọ aṣọ tó rún dé ilé Aunty Adédiwúrà ní Alápẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n máa sá lọ. Sẹ̀kínát gbé báàgì wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ta ló máa ru gbogbo èyí nínú omi? Ó tú u palẹ̀, ó yọ áyọ́ọ̀nù, ó yọ bọ́ọ̀lù, ó wá pín ìyókù. Ìka tó bá tọ́ símú la fi ń romú. Tọ́ọ̀ṣì àti bísíkíìtì di ti Kabir, oúnjẹ yòókù àti omi di ti Ọlábámijí, òun mú aṣọ. Sátífíkéètì, ìwé ilẹ̀ àti oògùn Ìyá, ó fi ọ̀rá wé wọn ní ìlọ́po mẹ́ta, ó kó wọn sínú báàgì kékeré kan tó ní okùn. Ìyẹn ò tíì ní ẹni tó máa gbé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó ní àfi kí wọ́n dán an wò. Kabir tẹ aago fóònù. Sẹ̀kínát ké pé omi ti dé, ni ilé bá dàrú! Ọlábámijí gun ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, òun ló dúró fún Ìyá, wọ́n sì sáré dé ojú títì. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Wọ́n tún un sá, ó di mẹ́sàn-án. Àwọn ará àdúgbò ti jáde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Kabir ń fò sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Ìyá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Nígbà tó yá, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní ṣé bí arúgbó ṣe ń di èèyàn mú nìyẹn, pé bó bá jẹ́ òun ni, ọrùn Sẹ̀kínát ì bá ti mọ̀ ọ́n lára. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà kẹta, Sẹ̀kínát ò fọwọ́ kan ẹrù kankan. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá, omi lójú.

"Ìyá, ẹ má bínú," ló wí. "Ojú ọjà ni mo fi wo ilé. Ẹ̀yin ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbé."

Ìyá wò ó. Kò ní òun gbà, kò ní òun ò gbà. Ó kàn béèrè ẹni tó máa gbé báàgì kékeré yẹn. Wọ́n ní kò tíì sí. Ó nawọ́ gbà á, ó gbé e kọ́rùn, ó tún kọjú sí títì. Sẹ̀kínát ò mọ̀ bóyá kóun dúpẹ́ ni àbí kóun máa bẹ̀ ẹ́ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, Ọlábámijí pè é lọ́jà pé omi ti bo gọ́tà. Sẹ̀kínát sọ apẹ̀rẹ̀ tòmátò kalẹ̀ níwájú olówó rẹ̀, ó tọrọ gáfárà, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ìgbà tó máa délé, omi ti dé orúnkún. Àwọn ọmọ ti dúró tẹrùtẹrù, Kabir ti tan tọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Yàrá Ìyá ló gbà lọ tààrà, ẹ̀bẹ̀ ti kún ẹnu rẹ̀.

Ìyá ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wé gèlè, ó ti ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, báàgì kékeré wà lọ́rùn rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"O pẹ́," ló wí. "Pọ̀n mí."