Ọjọ́ Tí A Yan Ẹ́ńjìnnì Nínú Agbada Gàárì

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Àgó-Ìwòyè, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí òórùn kan fẹ́ wá láti ojú fèrèsé ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé nínú ilé mi. Òórùn ọ́ìlì tó ń gbóná lórí irin ni. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí á rò pé ilé ń jó. Èmi alára kígbe pé ta ló ń jó nǹkan níbẹ̀ yẹn. Ọmọkùnrin náà yọjú, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, bẹ́ríìnì ọ̀kadà mi ni mo fẹ́ pààrọ̀." Ó ti gbé ilé ẹ́ńjìnnì ka orí sítóòfù gáàsì tó fi ń se oúnjẹ, fóònù rẹ̀ fẹ̀yìn ti ìgò omi, ọkùnrin kan nínú fóònù náà sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní kó ṣí fèrèsé sílẹ̀ dáadáa. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi, ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀wà kankan ṣà mọ́, ọkàn mi ti padà sílé bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ kò bá wa gbé ayé ìgbà yẹn. Agboolé kan ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo ti ṣe kékeré. Ilé alámọ̀ onípáànù ni. Iwájú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ bàbá mi wà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ààrò tí màmá mi ti ń yan gàárì. Bí o bá gba iwájú wọlé, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ni yóò kí ọ. Bí o bá gba ẹ̀yìn, èéfín àti òórùn gàárì kíkan ni yóò pàdé rẹ. Láàárín méjèèjì ni àwa ọmọ ti ń sá sókè sódò, tí wọ́n ń rán wa níṣẹ́ láti iwájú, tí wọ́n sì ń pè wá padà láti ẹ̀yìn.

Bàbá mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Sìkírá nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí, ní súkútà kan, alùpùpù àtijọ́ onítáyà kékeré. Àwọ̀ ewé ni àwọ̀ rẹ̀ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n oòrùn àti òjò ti sọ ọ́ di àwọ̀ ẹ̀fọ́ tó pẹ́ lórí iná. Òun ló fi ń lọ wọn ara àwọn oníbàárà rẹ̀ ní abúlé, okùn ìwọ̀n á wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ tó ti rán á wà lẹ́yìn. Bó bá ń bọ̀, a ó ti gbọ́ ọ kó tó yọ, a ó sì sáré pàdé rẹ̀ kó lè gbé wa wọlé. Èmi ni mo kéré tó láti dúró níwájú, láàárín apá rẹ̀ méjèèjì, mo sì máa ń rò pé èmi ni mò ń wà á.

Màmá mi kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Ọmọ Òde-Omi ni, létí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ síbi tí àwa ń fi ẹsẹ̀ rìn dé. Títí ó fi darúgbó, kò fojú ire wo ẹja tí wọ́n ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní ẹja tó ti kú tó tún kú ni. Ohun kan wá wà tó ń bá a fínra: kò lè wọ mọ́tò. Kí mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì ni èébì ti máa ń gbé e. Orí súkútà nìkan ni ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, nítorí atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lójú. Nítorí náà, bí súkútà bàbá mi kò bá rìn, màmá mi kò lè dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ṣẹlẹ̀ ni màmá mi bí àbúrò mi Wàsíù. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá ìyá mi, kò lè wá síbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ló rán sí wa, pé kí wọ́n bá òun sọ fún ọmọ òun pé ojú rẹ̀ ń wu òun í rí. Màmá mi gbọ́, ó yíjú sí ààrò, ó nu ojú, ó ní èéfín ni. Bàbá mi wò ó títí. Ó wá ní, "Ìyá Sìkírá, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ọ̀dọ̀ yèyé rẹ la ti máa ṣe Iléyá."

Ìlérí yìí kò tíì tutù lẹ́nu rẹ̀ tí súkútà fi bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ó kọ́kọ́ ń hùn. Lẹ́yìn náà ó ń han, débi pé àwọn ewúrẹ́ á ti kúrò lọ́nà kí bàbá mi tó fun fèrè. Lọ́jọ́ kan ó dákú mọ́ ọn nídìí lọ́nà Orù, bàbá mi sì tì í wálé nínú oòrùn. Mẹkáníìkì àdúgbò tú u, ó ní bẹ́ríìnì ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ: òrùka irin méjì tí irin róbótó-róbótó wà nínú wọn, tí wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì máa yí wẹ́rẹ́. Bàbá mi ra tuntun. Owó tó yẹ kó fi ra àgbò ló lọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń wí nílé wa pé lọ́dún yẹn, bẹ́ríìnì la pa. Owó iṣẹ́ ni kò wá sí mọ́. Mẹkáníìkì náà ṣàánú wa, ó yọ àwọn ti àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí bàbá mi ló rán ṣòkòtò tó wà nídìí rẹ̀, ó sì ṣàlàyé bí bàbá mi yóò ṣe fi tuntun sí i fúnra rẹ̀ nílé.

"Ilé ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbóná," ó ní, "gbogbo ara rẹ̀ ni o, kó gbóná dọ́gba. Bẹ́ríìnì ní tirẹ̀, kó tutù nini. Èyí tó gbóná á fẹ̀, èyí tó tutù á sún kì, wọ́n á sì gba ara wọn. Ẹ má fi òòlù lù ú o, Bàbá Sìkírá. Bí ilé yẹn bá fi lè là, ó parí nìyẹn."

Ti títutù rọrùn. Alhaja ẹlẹ́ja tó kọjú sí ilé wa ní fíríìjì oníkẹrosíìnì. Ó gbà kí a kó bẹ́ríìnì sáàárín ẹja dídì rẹ̀, bí a bá ti lè fi ọ̀rá wé e dáadáa. Gbogbo ẹni tó bá sì wá rajà ló ń kìlọ̀ fún pé, "Ẹ má mú ti kọ̀rọ̀ yẹn, súkútà Bàbá Sìkírá ni." Ti gbígbóná ló di wàhálà. Télọ̀ ni bàbá mi, ohun tó wà lọ́wọ́ télọ̀ ló sì kọ́kọ́ lò. Ó kó ẹ̀yinná sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀, ó gbé ilé ẹ́ńjìnnì sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń lọ agbádá ọdún. Bí apá kan bá gbóná, apá kejì á ti tutù. Àwọn tó wá gba aṣọ dúró ń wò ó, wọ́n ń bi í bóyá ẹ́ńjìnnì náà ń lọ sí yídì ni.

Nígbà tó yá, ó rọra wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró, ó ń wo agbada gàárì màmá mi. Agbada ńlá ni, ó tẹ́jú, iná sì ń lá a lábẹ́ yíká. Kò sí ibi tí iná ti dọ́gba bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agboolé wa.

"Ìyá Sìkírá," ó ní, "agbada yìí..."

"Éè ṣeé ṣe," màmá mi dá a lóhùn kó tó parí ọ̀rọ̀. "Gàárì a máa fa òórùn. Ẹnu ni àwọn tó ń rà á fi ń tọ́ ọ wò. Bí wọ́n bá tọ́ ọ́ìlì wò, kí lẹ fẹ́ kí n wí fún wọn?"

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá fi ẹnu kan gàárì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á tún padà wá, wọ́n sì ń ti Ìjẹ̀bú-Òde wá bèèrè rẹ̀. Bàbá mi padà sí iwájú. Wọn kò jà, ṣùgbọ́n ilé ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, Iléyá sì ń sún mọ́lé. Inú mi kò dùn rárá láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ọkùnrin kan tó máa ń ra irin àlòkù kiri ló yanjú ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó rí ilé ẹ́ńjìnnì nílẹ̀, ó gbé e, ó ń jù ú sókè díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ bó ṣe wúwo tó, ó sì bi bàbá mi léèrè iye tó máa tà á. Ó ti rẹ bàbá mi. Kò sọ pé òun máa tà á, kò sì sọ pé òun kò tà. Dídákẹ́ yẹn ni màmá mi rí. Ó dìde tòun ti awẹ́ igbá tó fi ń yí gàárì, ó ní, "Gbé e sílẹ̀! Gbé e sílẹ̀ kí n tó la igbá yìí mọ́ ọ lórí!" Ọkùnrin náà gbé e sílẹ̀, ó gba ibi tó gbà wọlé jáde, kò tilẹ̀ dágbére.

Màmá mi dúró, ó ń mí gúlegúle. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Sìkírá, lọ bu iyanrìn wá lódò. Ṣé iyanrìn kọ́ ni wọ́n fi ń yan ẹ̀pà ni? Ẹ̀pà ha ń kan agbada bí?"

Ó gbé ilé ẹ́ńjìnnì náà sínú abọ́, ó fi eérú àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún fọ̀ ọ́. Ó gbé e sí mi nímú, ó ní imú tèmi ló mú jù nílé. Nígbà tí mo ní n kò gbóòórùn nǹkan kan mọ́, ó da iyanrìn sínú agbada, ó nípọn dáadáa, ó sì ri ẹ́ńjìnnì mọ́ inú rẹ̀. Ó dá iná sí i níwọ̀nba. Bàbá mi jókòó tì í, ó fi àkísà wé ọwọ́. Bí màmá mi ti ń yí iyanrìn ló ń ta omi sí irin náà, ó ń ní, "Ó kù díẹ̀." Nígbà tí omi fò sókè tó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Ó yá."

Sìkírá ti gba bẹ́ríìnì kan wá lọ́wọ́ Alhaja. Bàbá mi gbé ilé ẹ́ńjìnnì jáde, ó ní "Bísímílà," ó gbé òrùka náà lé ojú ihò, ó sì wọlé wọ̀ọ̀. A pariwo. Alhaja, tó ti tẹ̀lé Sìkírá wá wòran tòun ti bẹ́ríìnì kejì lọ́wọ́, pariwo jù wá lọ.

Ariwo yẹn ló fẹ́ ba ti èkejì jẹ́. Bàbá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń ṣàlàyé fún Alhaja, irin sì ń tutù níwájú rẹ̀. Nígbà tó gbé bẹ́ríìnì kejì lé e, ó wọ̀ dé àárín, ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó há. Kò lọ, kò bọ̀. Bàbá mi nawọ́ sí òòlù.

Màmá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí níṣojú àlejò. "Bàbá Sìkírá, ẹ má lù ú. Ọ̀nà ilé yèyé mi lẹ fẹ́ fọ́ yẹn."

Bàbá mi gbé òòlù sílẹ̀. Wọ́n dá ilé ẹ́ńjìnnì padà sínú iyanrìn. Nígbà tó gbóná tán, tí bàbá mi dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ríìnì tó há náà já bọ́ fúnra rẹ̀. Sìkírá sáré gbé e padà sáàárín ẹja, a dá ilé ẹ́ńjìnnì padà sínú iyanrìn, a sì dúró títí bẹ́ríìnì fi tún tutù. Lẹ́yìn Bísímílà, bàbá mi kò tún la ẹnu rẹ̀ títí bẹ́ríìnì fi wọlé, tó jókòó gẹ́gẹ́ síbi tó yẹ ẹ́. Ìgbà náà ló tó rẹ́rìn-ín.

Gàárì àkọ́kọ́ tí màmá mi yan lẹ́yìn náà, àwa ló kọ́kọ́ mu ún kó tó gbé e lọ sọ́jà. Kò gbóòórùn nǹkan kan. Bàbá mi ní òun ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀ díẹ̀, màmá mi sì gba ṣúgà kúrò níwájú rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, bàbá mi ti to súkútà padà, a fi Sìkírá ti Alhaja, a gbéra. Mo dúró níwájú, bàbá mi wà á, màmá mi jókòó sẹ́yìn, Wàsíù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń kọrin jẹ́jẹ́. A gbé súkútà sílẹ̀ ní Iwopin lọ́dọ̀ oníbàárà bàbá mi kan, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Bàbá mi tó máa ń fò kọjá kòtò lórí súkútà láìṣẹ́jú di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú gírígírí, ó ń ka súrà Kúlíhù lábẹ́lẹ̀, màmá mi sì ń rẹ́rìn-ín rẹ̀.

Ìyá ìyá mi ti jókòó sétí omi kí a tó gúnlẹ̀. Gbogbo wa rò pé ọmọ tuntun ni yóò gbà. Ó wo Wàsíù, ó súre fún un, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n bu omi wá. Tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó kúnlẹ̀, ó ń fọ eruku ọ̀nà kúrò lẹ́sẹ̀ màmá mi, ó ń wí ní ohùn Òde-Omi pé ọmọ òun ti rù: "Ọma mi, wo ti rù. Ọma mi." Màmá mi, tó fi igbá lé ọkùnrin jáde, tó di ọwọ́ bàbá mi mú nídìí òòlù, dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ kékeré, ó ń sunkún, kò sì sí èéfín kankan níbẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé ọmọ ẹnì kan ni màmá mi náà.

Gbogbo àwọn àgbà yẹn ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Gàárì ń bẹ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń yan púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rí irú súkútà yẹn lójú títì. Àwọn ọmọ tèmi wà lọ́nà jíjìn. Alaalẹ́ ni mò ń rí ojú wọn lórí fóònù, inú mi sì ń dùn. Ohun tí ìyá mi fi àgbò ọdún àti agbada rẹ̀ wá ni èmi ń rí láìdìde lórí àga. N kò bá ayé yìí jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi pè lánàá, tó ní, "Màmá, ṣé ẹ ń rí mi dáadáa?", mo ní mò ń rí i. Mo wò ó títí, mo rí i pé ó ti rù, mo sì sọ fún un pé kó máa bọ̀ wálé, mo ti bu omi sílẹ̀.