Ọkùnrin Tó Yẹ Ìwé Ìnáwó Aláàánú Wò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Àyẹ̀wò ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó, ẹ bi àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìwé. Wọ́n ní bó bá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, tàdáwà á gbẹ nínú gègé wọn ní ìlú mẹ́ta. Àwọn mìíràn ní ìlú méje ni. Ẹ jẹ́ ká gba méje.

Iṣẹ́ náà rèé. Bí àwọn tí a dìbò yàn bá rìnrìn àjò iṣẹ́ ìlú, tí wọ́n sùn sí ilé ìtura, tí wọ́n ra epo sọ́kọ̀, wọn a mú rìsíìtì wá kí ìjọba lè dá owó wọn padà fún wọn. Ọ́fíìsì Àyẹ̀wò, tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ló ń wò ó bóyá òótọ́ ni. Yàrá mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, lókè ilé ìtajà bàtà kan. Nínú yàrá tirẹ̀, fèrèsé kan kì í ṣí, èkejì kì í tì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Àyẹ̀wò fi jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, tí ooru ń mú un lápá òsì, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ìwé rẹ̀ lápá ọ̀tún.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń fi í ṣeré. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan béèrè pé: ǹjẹ́ ẹbí tàbí àna rẹ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹni tó bá gba fáìlì á kọ "kò sí", á fọwọ́ sí i. Bó bá wá rí ẹbí rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ọjọ́ mẹ́ta péré ló ní láti lọ sọ fún ọ̀gá, fáìlì á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn lórí àkọsílẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò sì sẹ́ni tó rántí ìgbà tó yẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni fáìlì Ọnọ́rébù tí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ń pè ní Aláàánú dé ọwọ́ Àyẹ̀wò. Ó kọ "kò sí", ó fọwọ́ sí i, kò sì purọ́. Aláàánú ní nítorí ìpàdé ilé ìgbìmọ̀, òun sùn sí ilé ìtura kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Rìsíìtì méjìléláàádọ́ta wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò tẹ́ wọn sórí tábìlì. Nọ́ńbà orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ení, ó parí sí méjìléláàádọ́ta, kò fo ẹyọ kan.

"Ẹ wá wo nǹkan," ó pe ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kúkurú kan tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó di ọ̀sán. "Ilé ìtura oníyàrá ogójì. Ẹnì kan ṣoṣo ló sùn síbẹ̀ lódindi ọdún."

Ọ̀gá wo àwọn ìwé náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀. "Bóyá ó ń hanrun," ó ní, "ló lé àwọn tó kù lọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àyẹ̀wò kò tún rẹ́rìn-ín tó dénú nínú ilé yẹn mọ́.

Ó gbé rìsíìtì kan síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kó lè wo irú bébà tó jẹ́. Létí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti já a kúrò lára ìwé, àwọn ihò wínníwínní tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹsẹ̀ èèrà. Lẹ́yìn ihò kọkàndínlógún, ibì kan wà tí kò lu. Ó mú òmíràn: ihò mọ́kàndínlógún, àlàfo. Ó mú ìkẹwàá: bákan náà.

Ó rọra jókòó. Ó mọ àlàfo yẹn bí ẹni mọ àpá ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ alùhò náà ní àlòkù fún àbúrò rẹ̀ atẹ̀wé, ọdún kọkànlá rèé, eyín kan sì ti kán lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e délé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jáde ní yunifásítì mẹ́ta ì bá wo ìwé yẹn títí ojú rẹ̀ á fi fọ́, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹni tó kàn lórí àkọsílẹ̀ ni akẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ó-bùṣe, nítorí kò sí fáìlì tó dé ọwọ́ rẹ̀ tí kì í bùṣe lọ́jọ́ kan náà, láìsí ẹlẹ́bi. Ọkọ̀ tuntun rẹ̀ ń dán yinrin nísàlẹ̀. Bí Àyẹ̀wò bá sọ̀rọ̀, Aláàánú bọ́. Bó bá kọ orúkọ atẹ̀wé sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ wẹ̀wọ̀n. Ó pa fáìlì dé, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò náà, yàrá tóóró kan tó ń rùn fún tàdáwà àti kẹrosíìnì, tí pósítà tútù fi orí okùn ṣe ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán. Ẹ mà ti rù o. Àbí ọ́fíìsì yín ò sanwó mọ́ ni?"

"Ta ló ní kí o tẹ rìsíìtì ilé ìtura?"

Àbúrò nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Oníbàárà ni. Akọ̀wé Ọnọ́rébù ló gbé iṣẹ́ náà wá."

"O ò sì bi í léèrè ohun tó pa akọ̀wé Ọnọ́rébù pọ̀ mọ́ rìsíìtì ilé ìtura?"

"Bí mo bá bi í, ẹ̀gbọ́n mi, tó dá mi lóhùn, ṣé ìdáhùn yẹn làwọn ọmọ mi máa jẹ?"

"Dáná sun èyí tó bá kù. Má sọ fún ẹ̀dá kan pé mo débí. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe, jàre."

Ó padà sídìí tábìlì, ó kọ ìròyìn olójú ìwé ogójì tó mú ju abẹ lọ. Ní ojú ìwé kejìlélógún, ó kọ ọ́ pé: ilé ìtẹ̀wé tí a kò mọ̀ ló tẹ àwọn rìsíìtì wọ̀nyí. Irọ́ àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kí fáìlì má bàa bọ́ sọ́wọ́ Ó-bùṣe ni. Òótọ́ ni. Nítorí àbúrò rẹ̀ sì ni. Òótọ́ méjì tó bá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kan ṣoṣo, wọn ò ní rìn jìnnà. Ọjọ́ kẹta kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́. Àbúrò dáná sun ìwé tó kù lóòótọ́, ó wá sáré tọ akọ̀wé Aláàánú lọ. "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni fáìlì wà," ó ní, "ẹ̀yin náà ẹ bá wa fọgbọ́n ṣe é." Akọ̀wé fún un ní omi tútù mu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì fi tẹlifóònù pe lọ́yà Ọnọ́rébù. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, Àyẹ̀wò búra, ó sì fi wákàtí kan gbáko rojọ́. Ó ka ọ̀sẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ wà ní ìsinmi. Ó ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Aláàánú fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí rìsíìtì sì ní ó sùn sí ilé ìtura. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kán," ó ní. "Bóyá ẹsẹ̀ òsì ló dá lọ sùn síbẹ̀." Ẹ̀rín sọ. Aláàánú ń wo ilẹ̀.

Lọ́yà dìde, ọ̀dọ́mọkùnrin olóhùn jẹ́jẹ́.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ta ló tẹ àwọn rìsíìtì yìí?"

Àyẹ̀wò wo ìwé iwájú rẹ̀.

"Ẹ ti búra, bàbá."

"Àbúrò mi ni."

"Ọmọ ìyá yín?"

"Ọmọ ìyá mi."

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Lọ́yà jókòó. Wọ́n da ìròyìn olójú ìwé ogójì nù kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán. Lójúde, Aláàánú sọ fún àwọn oníròyìn pé wọ́n rẹ́ òun náà jẹ ni, pé akọ̀wé òun ló ṣe gbogbo rẹ̀, akọ̀wé náà sì ti kọjá sí òkè òkun. Ẹni tó ṣẹ́ kù fún ọlọ́pàá láti mú ni atẹ̀wé. Ẹ̀rí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Fáìlì bọ́ sọ́wọ́ Ó-bùṣe, ó sì bùṣe.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ lé Àyẹ̀wò lọ́wọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ó-bùṣe ló kàn."

"Ọ̀gá lè gba fáìlì fúnra rẹ̀. Ó wà nínú ìwé òfin wa, ojú ìwé kẹtàlá. Kò sẹ́ni tó béèrè rí ni."

Àyẹ̀wò, tó ti ka ìwé gbogbo ayé, kò ka ti ilé rẹ̀ débẹ̀. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń gba àlejò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ìyàwó àbúrò kì í bá Àyẹ̀wò wọ ọkọ̀ kan náà lọ. Bó bá bá a lẹ́nu géètì, á yíjú síbòmíràn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì a jókòó, irin á wà láàárín wọn.

"Ṣé Ọnọ́rébù dá owó yẹn padà?"

"Rárá."

"Àní díẹ̀?"

"Kò dá nǹkan kan padà. Wọ́n tún dìbò yàn án lóṣù tó kọjá."

Àbúrò ń fi èékánná ha tàdáwà tó ti wọ̀ ọ́ lára jinlẹ̀. "Ká ní ẹ sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀?"

"Ibí yìí náà ni wàá wà."

"Òun ńkọ́?"

"Yàrá tó tẹ̀lé tìrẹ."

Àbúrò mi orí.

"Ẹ ṣì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀."

"Ẹ má pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá pẹ́, mo máa ń bínú sí yín."