Irin Dúdú tí Ìyá Ṣéènì Yàn

Mi ò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Aránṣọ ni mí, fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi sì dojú kọ ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn fi sílẹ̀, níbi tí ọ̀rẹ́ mi ti ń tún alùpùpù ṣe, nítorí náà kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò ṣojú mi. Ìyá Ṣéènì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ó bímọ tó ń jẹ́ Ṣéènì o. Bí ṣéènì alùpùpù bá já, tàbí tó gùn jù tó ń lu irin kiri, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kúrò kì í padà wá nítorí ṣéènì kan náà.

Bàbá wọn ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni bàbá kọ́kọ́ fẹ́ kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ní òun kò lè máa fi ọwọ́ tó ń rùn bí ọ́ìlì jẹun, ó bá wá iṣẹ́ tí wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ṣe lọ. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Kálukú ló mọ ohun tó wu òun.

Bàbá náà le. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà so ṣéènì. Àwọn kan á fi kílíìpù dè é, irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n ń fi há a. Àwọn kan á tẹ orí píìnì tó di ṣéènì mú títí orí náà á fi fẹ̀, tí kò ní lè yọ mọ́. Bàbá kò fẹ́ rí kílíìpù sójú. Ó ní ṣéènì oníkílíìpù kò yàtọ̀ sí ṣòkòtò tí wọ́n fi píìnì há nídìí: ó ń dúró títí di ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ń ránṣọ, ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Ó tún ní òfin kan. Ẹni tó bá so ṣéènì ni yóò kọ́kọ́ gun alùpùpù náà, ẹni tó ni ín yóò jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n á sì padà. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá dá ìwọ fúnra rẹ lójú, kí ló dé tí o fi ń gbé e fún ẹlòmíì?

Lẹ́yìn ikú bàbá, alùpùpù kan yẹ̀ lórí ìdúró, ó wó lé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Ṣéènì. Eegun fọ́. Wọ́n tò ó, ó jinná, ó sì lè di nǹkan mú, ṣùgbọ́n kò lè ju òòlù mọ́. Bẹ́ẹ̀ òòlù ni bàbá fi kọ́ ọ. Wọ́n á fi irin ńlá ti ẹ̀yìn píìnì, wọ́n á wá máa lu orí rẹ̀ títí á fi fẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ náà jinná tí ẹ̀gbọ́n fi dé. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní ẹnì kan fẹ́ máa ta táyà níbẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ ọ́, ohùn àwọn tó ń ṣe ọ́ lóore tí o kò bẹ̀ wọ́n. Ó ní iṣẹ́ ti tó, kí àbúrò òun lọ sinmi nílé. Ìyá Ṣéènì ní ọwọ́ òsì òun ń bẹ, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ló wí.

"Mi ò ní fi júwe ẹ̀, Bọ̀dá," ni Ìyá Ṣéènì dá a lóhùn. "Màá fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n wá wo àwa tí a dúró, ojú ti fẹ́ tì í díẹ̀. Ó ní kò burú, ṣéènì alùpùpù òun fúnra òun ti gbó. Bí àbúrò òun bá lè dá já a, kó dá so tuntun, láìlo kílíìpù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a di nǹkan mú, òun á dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bí kò bá lè ṣe é, onítáyà á kó wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Inú bí mi. Ìyá Ṣéènì kò tilẹ̀ bínú. Ó ní irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń yí bí ẹni ń yí nọ́ọ̀tì, tó ń já ṣéènì, tó tún ń so ó, tí kò fẹ́ òòlù rárá. Bàbá kò lò ó rí, ó ní ti ọ̀lẹ ni. Ọ̀rẹ́ mi ní kí bàbá forí jì òun.

Mo ti ilẹ̀kùn mi, mo tẹ̀ lé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Ìyá Ṣéènì ti ki àjákù ṣéènì tí yóò fi dán irinṣẹ́ wò, píìnì tuntun àti fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin sínú báàgì. Ọkùnrin náà wò wá látòkè délẹ̀, ó gbé irú irinṣẹ́ náà kan tó ń dán yanran jáde láti inú páálí. Ó ní èyí á bá ọwọ́ obìnrin mu, kò wúwo.

Ìyá Ṣéènì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi fáìlì ha orí píìnì àjákù ṣéènì kúrò, nítorí bí o bá ti píìnì tòun ti orí rẹ̀, irinṣẹ́ lo máa ṣẹ́. Ó wá fi ọwọ́ òsì yí i. Ẹnu irin tó ń dán náà wọ́ bí abẹ́rẹ́ mi tó bá forí sọ bọ́tìnnì. Olówò ní ó ti ba ọjà òun jẹ́, ó ní ká ní ọkùnrin ló lò ó ni, kò ní tẹ̀.

"Irin tó tẹ̀ níbí, ọ̀gá," ni Ìyá Ṣéènì wí, "ṣé ojú ọ̀nà ni yóò ti wá le?"

Ìkejì ti píìnì jáde wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí wọ́n fi ń tẹ orí tuntun. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u ká, kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀. Mo ní irú rẹ̀ wà nínú ẹbí wọn, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín débi tó fi di káńtà mú.

Ibẹ̀ ló ti rí ìkẹta. Òun ni olówò fi dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dúró. Irin dúdú ni, ó wúwo, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ nípọn, o sì lè yọ ẹnu náà kí o fi òmíràn sí i. Olówò ní àwọn géńdé ló ń lo ìyẹn, pé á fọ́ ọ lápá. Mo sọ fún un pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìyá Ṣéènì ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Bí ọwọ́ irinṣẹ́ bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ẹni tó ń yí i máa lò ṣe ń dín.

Ó fi já ṣéènì, ó fi so ó. Ó ń yí i díẹ̀, ó ń wò ó, ó tún ń yí i díẹ̀, torí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí o bá tẹ orí píìnì jù, á sán, tàbí kí ojú ṣéènì gan, kó má lè ká mọ́. Ó ká a wò láàárín ìka, ó ń ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní kí èmi náà fi èékánná wò ó bí mo ṣe ń wo ojú rírán. Kò sí ibi tó sán. Bí a ṣe mú irin ẹnu ilẹ̀kùn lọ sílé nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ẹ̀gbọ́n gbé alùpùpù rẹ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù tó tì pa. Ọwọ́ rẹ̀ wà lápò, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré. Ìyá Ṣéènì jókòó sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún àti orúnkún há irin dúdú mọ́ra, ó ń fi òsì yí i. Àjákù bọ́ sílẹ̀. Ó kan ti orí píìnì tuntun. Òógùn bò ó lójú, irin yọ̀ bọ́rọ́ lórúnkún rẹ̀, ó balẹ̀ gbàgà. Ẹ̀gbọ́n ní òun kúkú ti sọ. Mo dìde láti lọ bá a dì í mú, Ìyá Ṣéènì wò mí, ojú tó fi wò mí ló dá mi jókòó padà. Ó nu ọwọ́, ó gbé irin náà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó yí wíìlì ẹ̀yìn. Ṣéènì ń lọ geere.

"Bọ̀dá, ó yá, ẹ wá jókòó sẹ́yìn mi."

Ẹ̀gbọ́n ní kò pọn dandan, òun ti rí i, òun gbà. Mo bi í sókè pé ṣé òfin bàbá wọn ni àbí kì í ṣe òfin bàbá wọn. Gbogbo àdúgbò ń wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún tó kọ òòlù kò kọ yíyí ọwọ́ iná tó ń mú alùpùpù sáré, Ìyá Ṣéènì ti tan ẹ́ńjìnnì. Àgbà ọkùnrin ká ṣòkòtò sókè, ó jókòó sẹ́yìn àbúrò rẹ̀, wọ́n kọrí sí òkè.

Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá sọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n méjèèjì ṣì wà níbàdí àbúrò rẹ̀, ó gbàgbé wọn síbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí i.

Ìyá Ṣéènì na ọwọ́ òsì.

A kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ mi náà sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà síta, ọ́ìlì bò ó dé ọrùn ọwọ́, kò yí i padà, kò sì fi ọ̀tún tì í lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà ló gbé kọ́kọ́rọ́ ilé baba wọn lé e.