Tíṣà Máàpù àti Ọ̀nà Kùmásì

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni èmi àti Zachariah Fádáhùnsí fi jọ kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀kà Àkókó. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, òun ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì rẹ̀ kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí i tó kọ ẹ̀yìn sí pátákó, tí ojú rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń fi ṣọ́ọ̀kì ya etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láìwo ohun tó ń yà. Kì í ṣì í. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Tíṣà Máàpù. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn òbí kan kò mọ orúkọ mìíràn fún un.

Ohun tí àwọn ọmọ kò mọ̀ ni pé Tíṣà Máàpù kò tíì tẹ ilẹ̀ òkèèrè rí. Kàdúná tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ ni ibi tó jìnnà jù tó dé. Ìyàwó rẹ̀ ló ti rìn jìnnà, ìyàwó náà kì í sì í sọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Lucy ni à ń pè é. Ìbílọlá ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ṣùgbọ́n Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1953. Bàbá rẹ̀, Ọlálẹ́yẹ, ta abọ́ tánganran ní ọjà ibẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní ìparí ọdún 1969, ìjọba Gánà ìgbà náà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọlálẹ́yẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sínú lọ́rì, ó sì padà sílé. Ìyátúndé ìyàwó rẹ̀ kò bá wọn bọ̀. Àìsàn ti pa á ní Kùmásì ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

Nígbà tí Zachariah dé sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọdún 1975, Lucy ti di télọ̀ ní Ìkàrẹ́, òun ló sì ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n rán Zachariah lọ kó aṣọ wá lọ́jọ́ kan. Aṣọ náà kò tíì parí, ó jókòó dè é. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún lọ, ó ní ṣòkòtò òun kan fún òun lẹ́sẹ̀. Mo rí ṣòkòtò náà, kò sí ohun tó ṣe é. Ní Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1976, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo dúró ti ọkọ ìyàwó.

Ìkàrẹ́ ni wọ́n ń gbé. Láràárọ̀ ni Zachariah ń gun alùpùpù rẹ̀ wá sí Ọ̀kà, á gba àárín àpáta, nígbà ọyẹ́ á dé pẹ̀lú ojú tó funfun bíi ti ẹni tó ń lọ àgbàdo. Òun ń sọ̀rọ̀ bí ará Ọ̀kà, ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìkàrẹ́, wọ́n á sì máa fi ọ̀rọ̀ ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí oúnjẹ títí a ó fi rẹ́rìn-ín dé ìdí ìkòkò. Ilé tó dùn ún wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Kùmásì, Lucy á dìde lọ wo ohun tó ń sè. Zachariah bi í ní ọdún àkọ́kọ́ pé irú ìlú wo ni. Ó ní òjò ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Kò bi í mọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n bí Mọ́júbọ́lá, wọ́n bí àwọn ọkùnrin méjì. Zachariah fẹ̀yìn tì ní ọdún 2009. Nígbà tí ogójì ọdún ìgbéyàwó wọn ń bọ̀ lọ́nà, Mọ́júbọ́lá, tó ti di nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ bàbá rẹ̀ láago. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn méjèèjì wá gbafẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn sì jọ gba ibẹ̀ dé Párísì. Mo jókòó ti Zachariah nígbà tó ń dá a lóhùn.

Ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ìkùukùu nìkan ni mo máa rí láti Èkó dé ibẹ̀. Ọ̀nà ni mo fẹ́ rí.”

Ó wá sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fẹ́ fi mọ́tò gba etíkun tó ti yà lójú pátákó fún ọgbọ̀n ọdún ó lé: Kùtọ́nù, Lomé, Ákírà. Ó dárúkọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì dánu dúró. Lucy wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò sọ pé rárá. Ó béèrè irú bàtà tí òun máa wọ̀.

Wọ́n kúrò ní Ìkàrẹ́ ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà, ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ, wọn kò sì yapa síra wọn, àfi lórí ẹni tó kọ́kọ́ sùn nínú bọ́ọ̀sì.

Ní Kùtọ́nù, Zachariah dà bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó ka àwọn ọ̀kadà tí awakọ̀ wọn wọ ẹ̀wù yẹ́lò títí ó fi sú u. Ó wọ ọjà ńlá wọn, ó rò pé Faransé nìkan ni òun máa gbọ́, ìyá kan tó ń ta ata gígùn sì fi Yorùbá kí i, ó ní ará Kétu ni òun. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sórí omi. Lucy di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú láti ìgbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ náà títí tí wọ́n fi sọ̀, nítorí kò mọ ìwẹ̀. Zachariah sọ fún mi pé òun kò rántí ìgbà tí ó ti di òun lọ́wọ́ mú báyẹn gbẹ̀yìn, pé ó wu òun kí omi náà gùn sí i.

Ní Lomé, òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì gan-an. Wọ́n jókòó sórí yanrìn, wọ́n jẹ ẹja sísun. Zachariah tẹ́ máàpù sórí itan, ó ń fi ìka ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹnubodè Gánà ṣe bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìlú Lomé parí sí. Lucy kò wo máàpù náà. Ó ní òun mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dé ẹnubodè ọ̀hún. Lẹ́yìn tí wọ́n tẹ ìwé ìrìnnà wọn tán, Lucy dúró sójú kan, kò sún síwájú mọ́. Àwọn èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó wá sọ̀rọ̀. Ó ní ibí yìí ni àwọn sùn sí fún ọjọ́ mẹ́ta ní ọdún 1969, lórí ilẹ̀, láàárín ẹrù, nítorí èrò tó fẹ́ kọjá pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ó ní bàbá òun kọjú sí apá Kùmásì ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta náà, kò sì jẹun. Ó ní òun bínú sí bàbá òun nígbà náà, òun rò pé abọ́ tánganran tó fi sílẹ̀ ló ń dùn ún. Ìgbà tí òun náà di abiyamọ ni òun mọ̀ pé ìyàwó tó fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ ni. Bàbá náà sì ti kú kí òun tó lè sọ fún un pé ó ti yé òun.

Zachariah sún mọ́ ọn. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọjá.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kejìdínlógún, àyájọ́ ìgbéyàwó wọn, bọ́ sí. Wọ́n lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ákírà, Lucy wọ lẹ́ẹ̀sì funfun, Zachariah wọ agbádá. Bí wọ́n ṣe jáde, wọ́n yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́, irú ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, àti ẹja díndín. Obìnrin náà bá wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì. Lucy dá a lóhùn ní èdè Twi, èdè tí wọ́n ń sọ ní Kùmásì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, òun náà bọ́ sí Twi, ọ̀rọ̀ sì ń já lu ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú Zachariah yìí ń ju ọwọ́, ohùn rẹ̀ sì ròkè, ó dà bí ọmọdébìnrin.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Zachariah ní, “Lucy, ogójì ọdún rèé, n kò gbọ́ èdè yìí lẹ́nu rẹ rí.”

Ó ní, “Mo rò pé ó ti lọ ni.” Ó ṣí ewé kẹ́ńkẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá ní, “Bàbá Mọ́júbọ́lá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Kùmásì.”

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nínú igbó kòkó tí wọ́n gbà kọjá, Lucy kò fi ojú kúrò lára fèrèsé. Nígbà tí wọ́n dé Kùmásì, ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀ ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ó dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá lọ bá bàbá arúgbó kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkángun àdúgbò. Ó béèrè ilé Badmus. Ọkùnrin Yorùbá kan ni Badmus, ará ilé kejì wọn nígbà náà, tó fẹ́ obìnrin Asante, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Nítorí ìyàwó yìí ni àwọn ará ilé Badmus ṣe ráyè dúró nígbà tí àwọn tó kù ń lọ. Àsàmáù, ọmọ rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ Lucy láti kékeré. Bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé ní ilé-ẹ̀kọ́.

Bàbá arúgbó náà ní Badmus ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ wà. Ó nawọ́ sí ilé kan.

Àsàmáù jókòó lórí àga lábẹ́ òrùlé, ọ̀pá ìtìlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì. Ó gbójú sókè. Ó wo obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ títí.

Ó ní, “Ìbílọlá, o sanra.”

Wọn kò pariwo. Lucy jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó gbé orí lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, Àsàmáù sì ń pa á lórí pẹ̀lú ọwọ́ tó ti kún fún ìyẹ̀fun ìrẹsì. Zachariah lọ dúró lójú títì kí wọ́n lè ráyè.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Àsàmáù ni ó kọ́kọ́ dárúkọ ibojì ìyá Lucy. Ó ní ìyá òun ń lọ ro ó lọ́dọọdún títí ó fi kú. Òun náà ń lọ, títí orúnkún òun fi kọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe, àwọn àgbélébùú onígi àtijọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Òun kò lè fi ìka tọ́ ojú ibẹ̀ gan-an. Òun lè fi agbègbè rẹ̀ hàn wọ́n.

Hámzàt, ọmọ Àsàmáù, ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn lọ. Àárín igi dóńgóyárò kan àti ògiri ni Àsàmáù tọ́ka sí, ilẹ̀ pupa tí koríko bò, tó fẹ̀ tó yàrá méjì. Lucy rìn wọ àárín rẹ̀, ó yan ibì kan, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, “Màmá, èmi Ìbílọlá ni. Mo pẹ́. Ẹ má bínú. Ọkọ mi rèé, ará Ọ̀kà ni.”

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Zachariah dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ní ọdún 1976. Àbúrò bàbá Lucy kan ló jókòó sípò ìyá, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tí kò mọ ohun tí yóò sọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọkọ ń sọ fún ìyá ìyàwó kò rí ẹni tí yóò gbà wọ́n lọ́jọ́ náà. Ní Kùmásì lọ́jọ́ yìí, Zachariah ṣí fìlà rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú koríko, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, pẹ̀lú agbádá funfun lọ́rùn.

Ó ní, “Ẹ kú ọjọ́ púpọ̀, mà. Zachariah ni orúkọ mi. Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi láti ogójì ọdún. Ó bí ọmọ mẹ́ta fún mi. Ẹ ṣeun tí ẹ bí i fún mi.”

Kò dìde kíákíá. Hámzàt rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Àsàmáù fi ọ̀pá dí i lọ́nà.

Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́rin ní Kùmásì. Nígbà tí wọ́n padà délé, mo rí i pé nǹkan ti yí padà nínú ilé náà. Lucy ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá jókòó sọ́dọ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́, á sọ fún yín nípa ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń kọrin tí yóò gbàgbé ọ̀rọ̀ orin lágbedeméjì, nípa ilé-ẹ̀kọ́, nípa ọjà tó jóná nígbà tó wà lọ́mọdé. Zachariah á máa bi í léèrè bí ẹni tó ń kọ ìwé ìdánwò. Ó kọ́ ìkíni Twi mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ń fi kí ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀, a sì gbọ́ pé kò sí ọ̀kankan tó pè dáadáa nínú wọn.

Ní ọdún 2018, Àsàmáù wá sí Ìkàrẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi ojú rí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Zachariah fi mọ́tò gbé e yí gbogbo Àkókó ká, láti Ọ̀bà-Àkókó dé Òkè-Àgbè, ó ń dárúkọ àpáta kọ̀ọ̀kan fún un. Èmi jókòó lẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú Lucy. Bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn báyìí, mo máa ń rò ó pé n kò mọ̀ pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà nínú rẹ̀.

Zachariah kú ní oṣù Kẹta ọdún 2021, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì. A sin ín sí Ọ̀kà. Àwọn tó kọ́ ní jọ́gíráfì kún ojú títì, àwọn mìíràn ti ní ọmọ-ọmọ. Lucy ṣì wà ní Ìkàrẹ́. Ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó ti fi máṣíìnì fún ọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Òun àti Àsàmáù máa ń rí ara wọn lórí fóònù ní gbogbo Sátidé. Mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wà lórí fóònù, wọ́n ń sọ Twi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ júwe àga fún mi pé kí n jókòó, kò sì dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró.