Imú-Kì-í-Purọ́ àti Àga tí Lánlọ́ọ̀dù Jókòó Lé

Ọjọ́ tí lánlọ́ọ̀dù jókòó lórí ìgbẹ́ ológbò ni gbogbo àdúgbò fi ń rántí káfíńtà tí wọ́n ń pè ní Imú-Kì-í-Purọ́. Ó ti kú báyìí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, nítorí nígbà tó wà láyé, afẹ́fẹ́ ilé rẹ̀ kì í ṣe rere rárá.

Àwọn ayálégbé tó kù ló lọ fẹjọ́ sùn pé yàrá káfíńtà ń rùn. Lánlọ́ọ̀dù fajú ro wá, ó ní imú ara òun lòun fẹ́ fi gbọ́ ọ. Imú-Kì-í-Purọ́ kò bẹ̀rù. Ó ti kan àga gbọọrọ kan, ó kùn ún ní fáníìṣì títí ó fi ń dán, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ sì ti rán tìmùtìmù pupa sí i lórí. Ohun tí lánlọ́ọ̀dù kò mọ̀ ni pé inú àga náà ṣófo, ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tíréè tí ológbò ilé náà ń yàgbẹ́ sí sì wà nínú ihò ọ̀hún. Káfíńtà ní kí bàbá jókòó síbi tó dára jù nílé.

Bàbá jókòó. Ó fa afẹ́fẹ́ símú, káńfọ̀ àti lọ́fíńdà nìkan ló gbọ́. Ojú rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ha lábẹ́ ìdí rẹ̀.

"Kí ló ń ha níbí?"

"Eku ni, sà."

"Eku? Kí wá lẹ̀ ń fi ológbò ṣe?"

Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n wà nígbà tí ológbò parí iṣẹ́ rẹ̀. Òórùn gba ojú ihò jáde, ó gba abẹ́ lánlọ́ọ̀dù gòkè dé fìlà. Bàbá fò dìde, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ológbò tẹ̀lé òórùn jáde, ó nara, ó sì jókòó síwájú àlejò bí ẹni tó fẹ́ gba oríyìn. Imú-Kì-í-Purọ́ ní tirẹ̀ dúró láàárín ilé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé bàbá rí i pé afẹ́fẹ́ tútù ló wà níbẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ní tí ilé òun bá ṣì ń rùn nígbà tí oṣù bá parí, ológbò àti àwọn tó ni ín á jọ jáde ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkùnrin yìí ṣe gba orúkọ. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ta pákó fún un kó má kọ́kọ́ gbé e símú. Á dijú, á fà á títí àyà rẹ̀ á fi wú, á ní, "Ó ṣì tutù. Ẹ gbé e padà. Imú kì í purọ́." Àwọn oníṣòwò pákó á bú u, wọ́n á ní alágídí ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ayùn là á, ó máa ń tutù lóòótọ́. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó jẹ́ bá a jiyàn lórí òórùn mọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní ilé ń rùn, á gbé imú sókè, á ní kí obìnrin náà lọ tọ́jú imú tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń ké pé, "Aya mi, kí lò ń sè tó ń ta sánsán báyìí?" Lọ́jọ́ kan, omi ìfọṣọ ló wà lórí iná. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Eku ló gbé ológbò wọlé. Wọ́n ń jẹ aṣọ àwọn oníbàárà aránṣọ, ni káfíńtà bá mú ológbò abilà kan wálé, ó sọ ọ́ ní Alábòójútó. Alábòójútó kó eku nílẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bọ́ lọ́wọ́ eku kò bọ́ lọ́wọ́ òórùn. Nọ́ọ̀sì kan gba yúnífọ́ọ̀mù tuntun lọ, ó gbé e padà, ó ní àwọn aláìsàn ń bi òun bóyá wọ́n ti ń gba ẹran ọ̀sìn sí wọ́ọ̀dù. Àwọn oníbàárà mìíràn ò tiẹ̀ ráhùn, wọn ò kàn wá mọ́. Ó dun aránṣọ gan-an, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí fi dáhùn. Ó so káńfọ̀ kọ́ yí tíréè ká. Ó da lọ́fíńdà sórí ìyẹ̀fun pákó tó fi tẹ́ inú rẹ̀. Alábòójútó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sín, ó lọ ṣe ohun tó fẹ́ ṣe sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún rírán. Káfíńtà kan ilẹ̀kùn mọ́ tíréè, ológbò kò wọlé. Àga gbọọrọ yẹn ló wá gbẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé kó máa kó ìgbẹ́ dànù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó máa fi ọṣẹ àti omi fọ tíréè, kó sì gbé e sẹ́bàá fèrèsé. Káfíńtà ní ìyẹn ò gba ọgbọ́n kankan. Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ní ti káfíńtà wa, òkè yẹn ló ń kùn ní fáníìṣì.

Lẹ́yìn tí lánlọ́ọ̀dù lọ, ohun kan kò kúrò lọ́kàn aránṣọ. Ojú gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ló ń ṣomi, ọkọ òun sì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó mú áńkáṣíìfù méjì, ó wọ́n lọ́fíńdà sí ọ̀kan, ó fi ìkejì nu ìdí tíréè títí ó fi gbẹ. Ó ká wọn bákan náà, ó ní kí ọkọ òun mú èyí tó bá wù ú lọ síbi iṣẹ́.

Káfíńtà fa èkíní símú. Ó fa èkejì. Ó dijú, ó ronú.

"Èyí ló dáa," ló wí, ó sì ki áńkáṣíìfù ìdí tíréè bọ àpò àyà. "Imú kì í purọ́."

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fà á yọ lápò náà jẹ́jẹ́. "Láti ìgbà wo lẹ ò ti gbóòórùn mọ́?"

 Káfíńtà jókòó sórí àga ológbò. Ó ní fáníìṣì àti gúlúù ló pa imú òun, ó ti pẹ́. Bí pákó ṣe wúwo lọ́wọ́ lòun fi ń mọ èyí tó tutù, àṣehàn lásán ni ti imú.

"Ọbẹ̀ mi ńkọ́?"

"Mi ò gbóòórùn ẹ̀ mọ́. Mo ṣáà rántí pé ó máa ń ta sánsán."

Obìnrin tó ti ń di ìbínú sínú láti ọjọ́ yìí wá bú sẹ́kún. Nígbà tó sunkún tán, ó nujú, ó ní ẹkún ò lè kó ìgbẹ́ ológbò. "Láti òní lọ, èmi nimú, ẹ̀yin lọwọ́."

Káfíńtà já àga náà lórí, ó gbé tíréè sẹ́bàá fèrèsé ẹ̀yìn. Ó fi wáyà ṣe ṣíbí oníhò tí yóò máa fi ṣa ìgbẹ́, tí ìyẹ̀fun pákó tó mọ́ yóò sì máa jò padà. Bí òórùn bá ti yọjú, aránṣọ á pè láti ìdí maṣínnì pé, "Ọwọ́ o!" Káfíńtà á dáhùn pé, "Imú ti sọ̀rọ̀," á sì máa ráhùn bọ̀ pé ológbò yìí ń jẹun jù. Nígbà tí oṣù parí, lánlọ́ọ̀dù dé, ó fimú wá gbogbo kọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo tíréè fúnra rẹ̀. Kò rí nǹkan kan gbọ́. Káfíńtà ti kan orí àga padà, tìmùtìmù sì wà lórí rẹ̀, ni ó bá ní kí bàbá jókòó. Lánlọ́ọ̀dù ní rárá o, òun ti jókòó síbẹ̀ rí.

Àwọn oníbàárà padà wá. Agídí káfíńtà kò lọ ṣá. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣì ń gbé pákó símú, ó ṣì ń fọ́nnu, bí ìyàwó rẹ̀ bá sì wà níbẹ̀, á kàn tẹjú mọ́ ilẹ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ó ṣì ń ké lẹ́nu ọ̀nà pé kí ló ń ta sánsán. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, síbẹ̀ kì í ṣílẹ̀kùn kó tó gbọ́ ọ.

Àìsàn ránpẹ́ ló mú un lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ wà nídìí maṣínnì nígbà tí òórùn dé. Kó tó ronú, ó ti pè pé, "Ọwọ́ o!"  Alábòójútó, tó ti darúgbó, gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà dìde, ó mú ṣíbí wáyà, ó kó ìgbẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni lánlọ́ọ̀dù wá kí i. Ọbẹ̀ wà lórí iná. Bàbá wo àga onítìmùtìmù pupa yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó sì jókòó lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Ó ní, "Ọlọ́run á tẹ́ ọkọ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

"Àmín, bàbá," ni aránṣọ wí. "Kó sì bá mi dá imú ẹ̀ padà fún un, kó lè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ rere ni."