Igbó Ọ̀kà Tí Wọn Ò Gé

Láàárọ̀ àná, ní ọjà Ìkàrẹ́, mo kọjá níwájú obìnrin kan tó ń ṣí ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀. Òórùn ewé eéran gbígbóná gbà mí nímú, mo sì dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ọ̀rá lè má mọ òórùn yẹn. Òun ló tọ́ mi dàgbà.

Eléwé ni ìyá mi ní Ọ̀kà. Bí òjò bá ti dá, àwa àtàwọn obìnrin àdúgbò á gba ẹsẹ̀ òkè wọ igbó lọ ká ewé, a ó ṣa ààpọ̀n, a ó sì máa wá ìgbín. Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi, kì í mú ìgbín láìkọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Á ní, "Má bínú, wọ́n rán mi ni." Bàbá rẹ̀ ń la pákó, igi ló fi ń bọ́ wọn.

Ìgbà tó yá, àwọn onígẹdú wá, wọ́n ní kí ìlú ta igbó náà fáwọn, àwọn á kọ́ ilé ìwé fún wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, bàbá Ṣadé sì wà lára wọn. Ọba pe ìpàdé. Ìyá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, bí wọ́n bá gé e tán, kí la ó fi rán ọmọ lọ sí ilé ìwé náà?"

Bàbá Ṣadé fèsì wọ́ọ́rọ́wọ́, "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà lọ́mọ."



Lẹ́yìn àlọ àbọ̀ púpọ̀, ìlú àti ìjọba fẹnu kò. Wọ́n pààlà igbó náà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dáná sun ún ṣoko. Àwa tá à ń ká ewé, tá à ń ṣa ààpọ̀n, là ń wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin fúnra wọn ló ń sọ ìgbà tí ewé yóò sinmi.

Bàbá Ṣadé kó ayùn àti ìdílé rẹ̀, ó fẹ́ gba ọ̀nà Òǹdó. Ìyá mi gbé iṣu lọ fún wọn. Ó gbà á, ó ní, "Inú ò bí mi, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn." Ṣadé ń juwọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀ títí ọkọ̀ fi kọrí sí kọ́nà.

Ìyá mi ti di olóògbé. Ọ̀kadà ni àwọn ọmọbìnrin ń gùn lọ sétí igbó báyìí, àwọn oníbàárà sì ń ti Ùgbè àti Ẹ̀pìnmì wá. Igbó ṣì ṣú dùdù bó ṣe wà. Mo máa ń dúpẹ́ tí mo bá rí i. Ṣadé á ti di ìyá àgbà níbi tó bá wà. Mi ò mọ̀ bóyá igbó kankan wà nítòsí ilé rẹ̀.